Ewé Tí Mo Gbá Kúrò Lórí Òkè

Ní oko orí òkè, ohun tí etí mi kọ́kọ́ máa ń gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ìgbálẹ̀. Kì í ṣe àkùkọ, kì í sì í ṣe odó. Ọ̀lẹ ni àkùkọ wa, ó máa ń dúró títí oòrùn yóò fi yọ kó tó rántí pé iṣẹ́ wà lọ́rùn òun. Ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló ń jí wa: ṣáá, ṣáá, ṣáá, láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná títí dé ìdí igi tí bàbá mi máa ń so ewúrẹ́ mọ́. Wọn ò kọ ọjọ́ ìbí mi sílẹ̀, ṣùgbọ́n eyín iwájú mi méjèèjì ti yọ padà nígbà yẹn, nítorí náà mo rò pé mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní ìlú, kò lè gun òkè, ni wọ́n bá ní kí n tẹ̀lé bàbá mi àti Ìyá Àgbà lọ sí oko, kí n lọ máa jẹ́ iṣẹ́ fún wọn. Ọdún kan ṣoṣo ni mo lò níbẹ̀. Mojí, ìwọ tó ń bá mi kọ ọ́, má ṣe bi mí ní orúkọ bàbá bàbá mi, má sì bi mí pé ọdún wo ni. Kọ ohun tí mò ń sọ. Ọdún kan yẹn ni mo kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa òkè, nípa igbó, àti nípa bí a ṣe ń gba àlejò, mo sì ti gbàgbé èyí tó tóbi jù nínú rẹ̀ kí n tó dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan ní ìhà Ìjẹ̀ṣà ni oko náà wà, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan sì gba iwájú ilé wa kọjá. Àwọn tó ń ru ẹrù lọ sí ọjà òdìkejì òkè ló ń gba ibẹ̀. Bí òjò bá ká wọn mọ́ ọ̀nà, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń yà sí. Ewé gbòdògì la fi bo ilé náà. Bí òjò bá ń rọ̀ sí i, kì í pariwo bí ti páànù. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nínú yàrá kejì. Ìyá Àgbà kì í bi àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní orúkọ. Omi ìṣanṣẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ní kí n gbé wá, lẹ́yìn náà omi mímu, lẹ́yìn náà iṣu sísun tí a fi epo àti iyọ̀ pa lára. Bí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, olú á hù, ìgbín á jáde, ọbẹ̀ á sì wà. Ìgbà tí wọ́n bá jẹun tán, tí aṣọ wọn bá ń gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ìgbà yẹn ni yóò tó wáá ní, “Ọmọ ta ni yín?” Bàbá mi a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí olè bá wọlé wá, ìyá òun á ti fún un ní iṣu kó tó mọ̀ pé olè ni. Ìyá Àgbà á dá a lóhùn pé olè tó bá yó kò ní lè sáré. Obìnrin kan fẹ́ fi iyọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún un nígbà kan, ó kọ̀ ọ́. Ó ní òjò kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó pa, kí ló dé tí òun á fi gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó sá fún un?

Iṣẹ́ tèmi ni ilẹ̀ gbígbá. Nígbà tó pé oṣù kan tí a ti débẹ̀, Ìyá Àgbà gbé ìgbálẹ̀ fún mi, ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú àgbàlá. Ó ní àgbàlá tí ewé bá kún inú rẹ̀, ẹni tó bá ń kọjá á rò pé obìnrin ibẹ̀ ti kú tàbí pé ó ti sá lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo máa ń tẹ̀ ba bíi tirẹ̀, mo máa ń fi ọwọ́ òsì sẹ́yìn bíi tirẹ̀, bí mo bá sì gbá a tán, ilẹ̀ á hàn pupa, ipa ìgbálẹ̀ á wà lára rẹ̀ bíi irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Inú mi máa ń bàjẹ́ bí ewúrẹ́ bá kọ́kọ́ rìn lórí rẹ̀. Títí di òní, ojú mi kì í lè rí ewé nílẹ̀ kí ọwọ́ mi má yún mi. Àwọn aládùúgbò wa níbí ní Fairwood máa ń rí mi lẹ́nu ọ̀nà gáráàjì, wọ́n á ju ọwọ́ sí mi, àwọn kan nínú wọn rò pé Fúnmi ọmọ mi ló ń fi mí ṣiṣẹ́.

Àǹtí rẹ Fúnmi náà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òkè tuntun yìí. Láti ìgbà tí mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun nìkan ni mo ní nínú ilé, iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ní Suitland ló sì ń gbé e jáde láàárọ̀, tó ń dá a padà ní ìrọ̀lẹ́. Láàárín méjèèjì, èmi àti tẹlifíṣọ̀n la máa ń wo ara wa. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, mo rò pé ìsinmi dé, àṣé ó ti fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ọgbà àgọ́ kan ní orí òkè, ní ìwọ̀ oòrùn Maryland níbí, ìrìn wákàtí mẹ́ta ní ọkọ̀. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ènìyàn á gbé tẹ́ǹtì wá sínú igbó láti wá sùn, àwọn méjì á máa gbé nínú ilé kékeré onítáyà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa kí wọn káàbọ̀, wọ́n á máa tún ààyè wọn ṣe, wọ́n á máa bójú tó ibi ìdáná wọn. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló yẹ kí wọ́n jọ lọ. Ní tèmi, wọ́n ti ṣètò ilé kan ní Clinton, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà ní ọ̀sán, ọkọ̀ wọn á máa wá gbé mi láàárọ̀, màá sì máa sùn ní ọ̀dọ̀ ìyàwó pásítọ̀. Fúnmi mú mi lọ wò ó. Ó mọ́, ó sì gbóná dáadáa. Wọ́n to àwọn àgbàlagbà yípo, wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù rọ́bà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bá wọn mú un lẹ́ẹ̀kan, mo jù ú padà, mo sì sọ nínú ara mi pé ọwọ́ yìí kò tíì di ọwọ́ bọ́ọ̀lù.

Orí ṣe mí ire, arábìnrin ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ pé béárì wà nínú igbó yẹn, ara rẹ̀ kò sì yá mọ́. Fúnmi ń fi ìbànújẹ́ sọ ọ́ fún mi nídìí àwo oúnjẹ, ni mo bá ní èmi á tẹ̀lé e.

Ó ní, “Màmá, béárì wà níbẹ̀ o.”

Mo ní, “Ṣé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè ni?”

Ó ní òkè ni, òjò ni, òtútù ni, orúnkún mi ńkọ́? Mo ní orúnkún mi kò bí mi, èmi ni mo ni orúnkún. Ó rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì parí síbẹ̀. Ọ̀gá ọgbà náà, ọmọbìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Ẹ́mílì, rí mi, ojú rẹ̀ sì rẹ̀ wálẹ̀. Kò fi ìwọ̀sí kàn mí, oníwà jẹ́jẹ́ ni. Ó ṣàlàyé fún Fúnmi pé ènìyàn méjì ni iṣẹ́ náà ń fẹ́, kì í ṣe ẹnì kan àti ẹni tí ó ń tọ́jú. Ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí èmi náà bá ṣiṣẹ́ bí ẹnì kejì, a ó dúró títí di ìgbà tí ewé bá ń já. Bí n kò bá lè ṣe é, òun á fi tọkọtaya mìíràn síbẹ̀, Fúnmi á sì gbé mi padà wá sílé. Mo mọ ohun tí “sílé” túmọ̀ sí. Bọ́ọ̀lù rọ́bà ni.

Òjò la bá pàdé lórí òkè náà, òjò ni a sì ń bá gbé. Ìgbà ìrúwé ni wọ́n ń pè é, àmọ́ àwọn igi ibẹ̀ kò tíì rú tó bẹ́ẹ̀. Orí ẹ̀ka wọn ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ojú ẹni tó sunkún. Ìkùukùu á sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, á bo igi títí dé ìdí, èèyàn á máa gbọ́ odò láìrí i. Ní ọjọ́ kejì, èmi àti Fúnmi wọ inú igbó lọ, mo di ọ̀pá mú ní ọwọ́ kan, mo di apá rẹ̀ mú ní ọwọ́ kejì. Mo rí ewé kan tó ká jọ bí ìrù ọ̀gà, tó ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo rí omi tó ń yọ láti abẹ́ òkúta, ó tutù dé ìdí eyín. Kọ̀ǹkọ̀ ń ké nínú àbàtà bí ẹni ń jà sí ogún. Mo rí olú lára igi tó wó, ọwọ́ mi ti na dé ibẹ̀ kí Fúnmi tó gbá a mú. Ó ní, “Màmá, ẹ ò mọ olú ibí yìí.” Òótọ́ ló sọ, n kò mọ̀ ọ́n. Mo kàn mọ òórùn náà ni. Ilẹ̀ tútù, èèpo igi tó ń jẹrà, èéfín iná tí kò fẹ́ jó: òórùn oko wa ni, ó sì yà mí lẹ́nu pé ilẹ̀ tí kò mọ̀ mí rí ló gbé e pamọ́ fún mi láti ìgbà yẹn.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Mo ti mú ìgbálẹ̀ mi wá láti ilé, èyí tí a rà ní ìsọ̀ àwọn ará ilé wa. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, màá wọ aṣọ òjò Fúnmi tó dé mi ní kókósẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀ láti ààyè kìn-ín-ní. Ewé ọdún tó kọjá ló bo gbogbo ilẹ̀, ó nípọn bí ibùsùn, ó tutù rinrin. Ìtìjú mú mi nítorí ọgbà náà. Mo wò ó pé àwọn tó wà níbẹ̀ ṣáájú wa kò bìkítà. Mo gbá ààyè kìn-ín-ní, mo gbá èkejì, mo gbá ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀. Ní ààyè keje, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà lókè rẹ̀ tí ewé pọ̀ sí, mo gun ún lọ, mo gbá òun náà, nítorí pé bí mo bá fi í sílẹ̀, atẹ́gùn á tún gbé ewé rẹ̀ wá bà mí nísàlẹ̀. Fúnmi náà gbé réèkì, ó ń bá mi fà á. Ìbàdàn ni mo ti tọ́ ọ dàgbà, òun náà mọ̀ pé ilẹ̀ tí a kò gbá, a kò tíì jí sí i. Àwọn apàgọ́ tó bá jí ń rí ilẹ̀ tó hàn gbangba, wọ́n á na àtàǹpàkò sí mi. Mo sì máa ń gbé omi gbígbóná tí mo fi atalẹ̀ sí fún ẹni tí òjò bá pa. Àwọn kan ń wò ó bóyá mo fẹ́ tà á fún wọn ni. Nígbà tí wọ́n bá rí i pé n kò dúró, wọ́n á mu ún. Ẹ́mílì kò sí nítòsí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ọgbà mẹ́ta ló ń bójú tó. Mo ń retí rẹ̀ bí ọmọ tó ń retí kí ìyá rẹ̀ ti ọjà dé wá wo àwo tó fọ̀.

Òjò ńlá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì, kò sì dáwọ́ dúró títí di òwúrọ̀ Ọjọ́rú. Tọkọtaya kan àti ọmọbìnrin wọn kékeré ló wà ní ààyè keje. Ní òwúrọ̀ náà, mo rí ọkọ náà tó dúró lẹ́nu ilé wa, ẹrẹ̀ dé e ní orúnkún. Kò pariwo. Ó ní kí a wá wò ó. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí mo gbá ti sọ̀kalẹ̀ wá bá wọn. Àgbàrá ti ya ojú ọ̀nà mẹ́ta lára rẹ̀, ó kó erùpẹ̀ wá sí ìdí tẹ́ǹtì, ó gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, bàtà ọmọ náà àti aṣọ tó fi ń sùn ti di amọ̀. Ìyá rẹ̀ gbé e lé ìbàdí, ó ń wò mí, èmi náà ń wo ẹsẹ̀ ọmọ náà tó tutù. A kó wọn wọ inú ilé onítáyà wa, Fúnmi tan ẹ̀rọ amúlégbóná, mo fi aṣọ ìró mi wé ọmọ náà. Wọ́n padà sílé ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ìdúpẹ́ náà sì dùn mí ju èébú lọ.

Nígbà tí a gbọ́ pé Ẹ́mílì ń bọ̀, Fúnmi fà mí sí ìdí ọkọ̀. Ó ní òun á sọ pé òun lòun kó ewé náà, pé òun ni òun fa réèkì, òun kò sì pa irọ́ níbẹ̀. Ó ní, “Bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ̀yin ni, Màmá, wọ́n á ní a ò lè dúró. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi.” Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo wò ó pé bí mo bá jẹ́ kó gba ẹ̀bi mi, mo ti di ẹni tí wọ́n ń tọ́jú nìyẹn, Clinton ò sì tún jìnnà mọ́.

Ẹ́mílì dé, ó wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà títí. Ó lọ sí ibi tí ewé ṣì kù ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ìka gbé e sókè, ó pè mí wá wò. Ẹranko kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀, ó dà bí ọmọ alángbá, ó pupa bí epo, ó ń rìn bí ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ. Ó ní lábẹ́ ewé ni irú wọn ń gbé. Ewé náà ló tún ń di ilẹ̀ mú nígbà òjò. Ó wá béèrè pé ta ló kó o kúrò. Fúnmi ti la ẹnu. Mo fi ọ̀pá mi kan ilẹ̀, mo fi gẹ̀ẹ́sì tí mo ní sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó yí i padà: èmi ni, ọwọ́ mi ni. Lẹ́yìn náà mo bọ́ sí Yorùbá, mo ní, “Fúnmi, sọ fún un pé ọwọ́ tó bà á jẹ́ ló máa tún un ṣe. Kó fún mi di ọjọ́ Sátidé.” Fúnmi sọ ọ́. Ẹ́mílì wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ nínú aṣọ òjò tó gùn jù mí lọ yẹn. Ó ní òun á ti ààyè keje pa, pé òun á wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ méjì wa pé.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé onítáyà, mo wo ẹ̀yìn, oko wa ló sì wà níbẹ̀. Mojí, ohun tí mo ti gbàgbé nìyí. Nínú ọdún kan yẹn, nígbà tí bàbá mi lọ sí ìlú fún ọjọ́ mélòó kan, mo fẹ́ kó dé bá ohun ìyanu. Mo gbá àgbàlá tán, mo gbé ìgbálẹ̀ wọ abẹ́ igi obì rẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo gbá gbogbo ìdí rẹ̀ títí tó fi ń dán. Ìyá Àgbà lọ sí odò, kò rí mi. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó fà mí lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Gbòǹgbò obì náà ti yọ síta, ó funfun bí egungun. Mo ń retí ẹgba. Kò nà mí. Ó ní kí n fi ọwọ́ kan gbòǹgbò náà, mo fi ọwọ́ kàn án. Ó ní, “Àṣàkẹ́, àgbàlá ni a ń gbá. Igbó ti wọ aṣọ tirẹ̀. Ìwọ lo bọ́ ọ sí ìhòòhò.”

Mo bú sẹ́kún, mo ní àgbàrá ti bà á jẹ́ pátápátá. Ó wá sọ òwe tí gbogbo wa mọ̀, àmọ́ ibi òwe ni àwọn ẹlòmíràn ń fi í mọ sí, òun ń fi ọwọ́ ṣe é. Ó ní, “Àgbàrá òjò kò lóun ò ní í wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Dìde.” Ọjọ́ mẹ́rin ni a lò. Ó kọ́ mi láti gbé ẹ̀ka tó ti wó dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kì í ṣe ní òró, kí omi má baà rí ọ̀nà tọ́ tààrà. Ó kọ́ mi láti fi èèkàn kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí n ki ewé tútù sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí n da erùpẹ̀ lé e, kí n tún fi ewé gbígbẹ bò ó. Agbọ̀n ni mo fi ń ru ewé náà láti àfonífojì. Ọrùn mi kò lè yí. Nígbà tí bàbá mi dé, kò tilẹ̀ kíyè sí i pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀ lábẹ́ obì náà, Ìyá Àgbà sì ní ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ tó dára: ẹni tó bá rí i, kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣe é.

Bí mo ṣe dìde láti orí àtẹ̀gùn nìyẹn. Fúnmi ní kí a dúró kí òjò dá. Mo ní bí òjò bá dá, báwo la ó ṣe mọ ibi tó ń gbà? Mo tẹ̀lé omi náà gun òkè, mo ń fi ọ̀pá mi sàmì sí ibi tó ti ń yà. Ọ̀nà mẹ́ta ni, nítorí náà ibi mẹ́ta ni a ní láti dábùú, a sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè, níbi tí omi ti ṣì jẹ́ ọmọdé. Igi tó wó kò wọ́n níbẹ̀. Fúnmi ń fà á, èmi ń tọ́ka ibi tí yóò sùn sí. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀kan sí òró, mo ní kó yí i. Ó ní, “Màmá, ẹ̀yin àti ta lẹ jọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà?” Mo ní pẹ̀lú obìnrin kan tí kò wọ bàtà rí ni. Ewé tí mo ti gbá jọ ń bẹ ní òkìtì lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. A fi kẹ̀kẹ́ ẹrù rù ú padà lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógún. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé orúnkún mi ń kà á. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo ṣubú lórí amọ̀, mo jókòó gbọin. Fúnmi sáré wá, ojú rẹ̀ ti yí padà. Mo ní kó má gbé mi sókè, kó kọ́kọ́ gbé ewé yẹn fún mi, pé ibi tí mo jókòó sí gan-an ló kù láti bò. Mo bò ó láti orí ìjókòó. Lẹ́yìn náà ó gbé mi.

Òjò tún ń rọ̀ ní àárọ̀ Sátidé. Mo dúpẹ́ fún un, nítorí pé ọjọ́ oòrùn kò lè jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ́mílì dé pẹ̀lú bàtà rọ́bà rẹ̀, ó dúró ní ààyè keje fún ìgbà pípẹ́, omi ń kán láti etí fìlà rẹ̀. Kò sí àgbàrá. Omi ń jáde lábẹ́ ewé, díẹ̀díẹ̀, ó mọ́, ó ń lọ sí ọ̀dọ̀ odò láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó gun òkè lọ wo àwọn igi tí a dábùú, ó fi ẹsẹ̀ tì wọ́n, wọn kò mì. Kò sọ pé ó dára. Ó sọ̀kalẹ̀ wá, ó ní kí a wọ ọkọ̀ òun.

Ó gbé wa dé ibi tí ọkọ̀ ń dé mọ, ó ku ìrìn ẹsẹ̀. Fúnmi ní kí n dúró nínú ọkọ̀. Mo ti sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà náà dúró ṣánṣán bí àkàbà. Mo ń gun ún bí mo ṣe ń gun ti ilé wa: ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, kí n mí, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, kí n mí. Ìkùukùu ń kọjá láàárín wa, nígbà mìíràn n kì í rí ju ẹ̀yìn bàtà Ẹ́mílì lọ. Nígbà tí a dé òkè, ìkùukùu ya, mo rí òkè lẹ́yìn òkè, gbogbo wọn nínú òjò, wọ́n tò lọ láìlópin. Níwájú wa, ọ̀nà àwọn tó ń rìn nínú igbó ti já. Àgbàrá ti gbẹ́ kòtò kan tó lè gba ènìyàn dúró, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ títí ojú kò fi ká a mọ́. Ẹ́mílì sọ̀rọ̀, Fúnmi ń yí i padà fún mi. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí kòtò náà ti wà níbẹ̀, kò sí ọwọ́ tí yóò ṣe é. Iṣẹ́ oṣù púpọ̀ ni. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni òun fẹ́ kó parí rẹ̀, ìyẹn sì ni pé ẹni náà kò ní kúrò ní ọgbà títí ewé á fi já. Ó wá yíjú sí Fúnmi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó bi í bóyá Màmá á lè ṣe é.

Mo gbọ́ èyí fúnra mi. Igi kan tó wó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò náà, ó gùn, èèpo rẹ̀ ti bọ́. Mo fi ọ̀pá mi ti igi mìíràn, mo tẹ̀ ba, mo di ṣóńṣó orí èyí tó wó náà mú.

Mo ní, “Fúnmi, sọ fún un kó di ìdí rẹ̀ mú. Ibẹ̀ ló wúwo.”